Agbọ̀n Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka pákó ní Òkè-Àgbò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
mo mọ ìrókò lóòórùn, mo mọ afàrà lójú,
mo mọ apá tí òjò ti pa nígbà mẹ́ta.
Lọ́jọ́ tí Alàgbà Ṣóẹ̀tán ta ẹ̀rọ ìlagi,
lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà nínú irun mi.

Wọ́n ní iṣẹ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde,
ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì
fún ẹni tí kò ní fojú kan ṣọ́ọ̀bù láé.
Wọ́n ń wá ẹni tó mọ igi, tó sì gbọ́ èdè ayélujára.
Igi, mo mọ̀ ọ́n.
Èdè ló di ẹrù.

Mọrádéùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, jókòó tì mí lálẹ́,
iná ti lọ, fóònù rẹ̀ nìkan ló ń tàn sí wa lójú.
"Bọ̀ọ̀dá, kí ni kúkì?"
Mo ní bisikíìtì ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí ẹní.
Ó ní àmì kékeré ni, tí ilé ìtajà fi sára àlejò,
kó lè dá a mọ̀ nígbà tó bá tún yà.
Mo ní: bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sídìí gẹdú oníbàárà?
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, ó jọ ọ́.

Kí ni káàṣì? Mo tọwọ́ bàpò.
Kì í ṣe owó. Ohun tí a tọ́jú sítòsí ni,
kí a má baà tún rìn dé orísun rẹ̀.
Kọ́nfáṣọ̀n? Mo ti ń ronú ìsọjí,
àṣé kò kan pásítọ̀ rárá:
nínú ọgọ́rùn-ún tó wo ọjà, mélòó ló sanwó?
Dóméènì, orúkọ tí a ń háyà lọ́dọọdún;
gbàgbé owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn á jẹ́ ẹ.
Bàbá mi kò ní gbà. Orúkọ ilé wa, a kì í háyà rẹ̀.
Ei-pí-áì ló yọ mí lẹ́nu jù.
"Ẹ fi í ṣe alárinà," Mọrádéùn wí,
"ilé ọkọ kò wọ yàrá ìyàwó,
ilé ìyàwó kò tú àpótí ọkọ,
alárinà ló ń lọ, alárinà ló ń bọ̀,
ohun tí wọ́n bá rán an náà ló ń béèrè."
Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìṣirò pákó,
lábẹ́ gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò ní san mọ́.

Ní Fọlágbádé, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí
kò béèrè kúkì. Kò béèrè alárinà.
Ó ní: "Ẹni tó kó ọjà sínú agbọ̀n, tí kò sanwó, tó bá tirẹ̀ lọ,
agbọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ là ń pè é.
Kí lẹ máa ṣe sí i?"

Ọ̀nàdípẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn,
ọkùnrin Jàpárà tó wá wọn pákó òrùlé lọ́jọ́sí,
ogójì, ó kà á, ó tún un kà, ó ní òun ń bọ̀.
Pákó jókòó. Òjò ọdún kan, òjò ọdún kejì.
Ikán bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wò ó.
Ọ̀gá ní kí n tà á. Mi ò tà á.
Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Jàpárà.
Ilé wà, kò lórí.
Owó pákó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà,
owó ọkọ̀ tí yóò gbé e ni kò sí,
ojú sì ń tì í láti wá sọ.
Lọ́jọ́ kejì mo fi ọmọlánke kó o lọ, mẹ́wàá mẹ́wàá.

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀.
Kò wí pé ó dára. Kò wí pé kò dára.
Ó ní kí n máa retí íméèlì.

Ọjọ́ kẹsàn-án rè é.
Mọrádéùn ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀,
èmi nìkan ń yẹ̀ ẹ́ wò lóru.
Èmi náà ti wà nínú agbọ̀n ẹnìkan,
wọ́n ti wọ̀n mí, wọ́n ti kà mí,
mo ń tẹ́tí sí ọ̀nà,
bóyá ẹnìkan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀.