Kókó Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Agogo márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tó kírun tán ní Ọ̀gànlà,
bàbá mi Lásísì á ti gbé rédíò lé orí àpótí yìnyín,
á na irin rẹ̀ sí ìhà òkun
bí ẹni ń nàka sí ọmọ tó jalè.
"Ìwọ tó gbọ́ Faransé, kí ló wí?"
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, búrẹ́dì wà lẹ́nu mi.
Èmi ni mo ń túmọ̀ òkun fún un.

Bó bá ní òkun pa rọ́rọ́, mo ní òkun sùn.
Bó bá ní òkun ń ru, mo ní òkun bínú.
Ìgbì mítà kan ààbọ̀: mo gbé ọwọ́ sókè dé ọrùn rẹ̀,
ó wo ọwọ́ náà,
ó ní, "Èyí ò tó nǹkan. Ẹ gbé epo wá."

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́, kókó ni wọ́n fi ń kà á.
Kókó mẹ́wàá. Kókó méjìlá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn.
Mo rò ó títí: ta ló di afẹ́fẹ́ ní kókó?
Kókó tí mo mọ̀ ni ti etí ìró ìyá mi,
níbi tí owó ẹja ń sùn sí,
àti ti okùn tí Mùfútáù fi ń so ọkọ̀ mọ́ òpó ní Jásìn,
èyí tó ń fi eyín tú bó bá ti mu omi yó.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje,
ọkùnrin inú rédíò rẹ ohùn sílẹ̀.
Ó wí i lẹ́ẹ̀mejì: kú dù fáàn. Kú dù fáàn.
Mo mọ kú: òun ni olùkọ́ ń fi rúlà fún wa ní àtẹ́lẹwọ́.
Mo mọ fáàn: afẹ́fẹ́ ni.
Mo ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ á gbá yín létí."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá itan.
"Ìyá mi ti gbá mi létí, ìyàwó mi ń wá àyè,
kí afẹ́fẹ́ náà wá gba tiẹ̀."
Gbogbo inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, wọ́n gba abẹ́ afárá kọjá.
Ọ̀sà tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ọ̀sà kì í sọ ohun tí òkun ń rò.

Ó sọ iye kókó náà. Ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n wí i:
mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ kìíní, ìyá mi di kókó kan sí etí ìró.
Ọjọ́ kejì, ó di òmíràn. Kò sí owó nínú rẹ̀.
Ọjọ́ kẹta, mo lọ bi olùkọ́ wa, Mùsíọ̀ Adéòtì.
Ó wo ojú mi kó tó dáhùn.
Ó ní kú dù fáàn kì í ṣe ìgbájú. Ìjì ni,
irú èyí tí ọkọ̀ ńlá pàápàá ń yà fún.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n wọ́ wọn wọlé láti Kútọ́nu:
ọkọ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì,
Mùfútáù láìsí eyín iwájú méjì,
bàbá mi láìsí ohùn.
Márùn-ún ló jáde, márùn-ún ló wọlé. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.
Kò nà mí. Kò bú mi.
Ó jẹ ẹ̀kọ tán, ó fa àga sún mọ́ mi,
ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́:
"Ìgbájú rẹ yẹn, kókó mélòó ni?"

Tẹlifóònù ni mo ń wò báyìí,
afẹ́fẹ́ ń tò lórí rẹ̀ bí ìjàlọ pupa.
Àwọn ọmọ Jásìn ń pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́.
Bí kókó bá lé ní ogún, n kì í túmọ̀ mọ́.
Mo ń wí pé: ẹ so ọkọ̀ yín.
Ọjọ́ tí ìjì bá yà síbòmíràn, tí oòrùn ràn dé alẹ́,
wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè ẹja.
Mo jẹ ẹ́. N ó sì tún jẹ òmíràn.

Àná, mo ní kókó mẹ́sàn-án.
Bàbá mi tó ti fi òkun sílẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà,
ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí afẹ́fẹ́,
ó ní, "Mẹ́jọ,"
ó sì padà lọ sùn.