Ẹja Inú Aṣọ

Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń ya ẹja,
ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún,
lẹ́yìn ilé wa ní Ìtòkú,
bí ìyá àgbà mi Ṣẹ̀gílọlá ṣe kọ́ mi:
orí kọ́kọ́, ìpẹ́ tẹ̀lé e,
ìrù a gbẹ̀yìn, nítorí ìrù ló mọ ọ̀nà odò.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Tantólúwa ọmọ mi
fi ìka tí epo àkàrà ṣì wà lára rẹ̀ tọ́ka sí aṣọ.
"Mọ́mì, irú ẹja wo nìyí?"
Mo ní, "Ẹja Ṣokorí ni."
"Ṣokorí? Ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí?"

Mo fẹ́ bú u. Ẹnu mi wúwo.
Èmi náà kò rí ẹja yìí rí.
Ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, n kò fi ojú mọ̀ ọ́n.

Láyé Ṣẹ̀gílọlá, wọ́n ní
ẹja a máa já àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń fọ abọ́.
Lónìí, náílọ́ọ̀nù píọ̀wọ́tà ló ń lúwẹ̀ẹ́,
ìgò, páńpẹ́ẹ̀sì, bàtà ẹsẹ̀ kan;
bí òjò bá rọ̀, odò a kó gbogbo rẹ̀
padà wá kí wa ní pálọ̀.
Aró tèmi náà wà níbẹ̀.
Alaalẹ́ ni mò ń da omi kọ́sítíìkì sí gọ́tà,
gọ́tà a gbé e fún odò.
Ọwọ́ tó ń ya ẹja
ni ọwọ́ tó ń pa á.

Mo ya aṣọ mìíràn.
Odò gbọọrọ, láti etí aṣọ dé etí aṣọ,
n kò ya ẹja kankan sí i.
Mo rẹ ẹ́ láró lẹ́ẹ̀mẹfà;
níbi tí ẹja ì bá ti funfun,
aró ṣú bolẹ̀.

Mo sá a síwájú ilé.
Fẹ̀yìntọ́lá aránṣọ dúró, ó wò ó títí.
"Ṣé o gbàgbé ẹja ni?"
"Àwa la gbàgbé."
Kò rẹ́rìn-ín. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta, ó gbé ṣọ́bìrì dé.
Òun, èmi, àti Ṣówándé bíríkìlà,
a gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé,
a da èédú sí i, a da òkúta wẹẹrẹ lé e,
àwọn àbúrò Olúmọ,
kí omi aró lè rí ibi dúró sí.

Odò kò tíì mọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín.
Ṣùgbọ́n Tantólúwa gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi lánàá,
ó ya ẹja kan ṣoṣo sí igun aṣọ.
Ìrù ló kọ́kọ́ yà.
N kò bá a wí.