Èlírí Kẹtàdínlógún

Ẹ pa iná. Ẹ fa aṣọ dúdú bo fèrèsé.
Sàúdátù ti fún un lóògùn oorun,
ó sùn sórí àwo bí òwú tó já bọ́ lára igi.
Táńkẹ̀ ń pariwo níta: ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí mo wà ní Ìgbájà, a máa ń mú tanná-tanná
sínú ìgò, a ó fi wá bàtà tó sọnù lókùnkùn.
Ta ló mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀
tí a ó fi iná ìdí kòkòrò yẹn
dá ẹ̀wù fún jẹjẹrẹ,
kó má baà ríbi sá pamọ́ sí?

Kámẹ́rà ń wò. Ìṣẹ́jú kan. Méjì.
Ó yọ: hóró ẹ̀wà kan, lábẹ́ apá òsì,
ó pupa láàárín, ó ń di búlúù létí.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tó hóró àgbálùmọ̀.

Sàúdátù kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.
N ò kọ nǹkan kan.
Abẹ́ apá òsì náà ni ti ìyá mi wà;
ọdún méjì ló fi aṣọ bò ó, kò wí.

Ẹ tan iná padà.
Etí rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ẹ rọra gbé e,
àlejò wa ni;
òun kọ́ ló pe ara rẹ̀ wá.