Ẹ̀wà Kò Tíì Rọ̀

"A ti wọ bàálù. Wọ́n ní ká pa fóònù."
Ọ̀rọ̀ tí Bánjọ fi ránṣẹ́ nìyẹn.
Mo ṣáná sí sítóòfù, mo gbé ẹ̀wà kaná
ní ilé ìdáná wa ní Kubwa.
Ẹ̀wà ọjà Gwagwalada ni, olórí kunkun,
tí kì í gbọ́ ti kán-ún, tí kì í gbọ́ ti àlùbọ́sà.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlómítà, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà,
láti Abuja dé Maiduguri.
Wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo ti há a sórí bí ọmọ iléèwé.
Owó tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ owó oṣù mi lọ́nà méjì;
ìyẹn ni kìlómítà tí ó yé mi.

Lọ́dún tí a ṣègbéyàwó, mọ́tò la máa ń wọ̀.
A ó sùn ní Jos, a ó jẹ másà ní Bauchi,
eruku Potiskum a pọ́n aṣọ funfun mi.
Ọ̀nà gùn nígbà náà, ṣùgbọ́n ó lórúkọ.
Òfuurufú kò lórúkọ.
Bánjọ ní àwọsánmà ni gbogbo rẹ̀,
àti bísíkíìtì kan, àti omi tí kò tó fi ṣan ẹnu.

Falmata, aládùúgbò wa, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.
"Ó ti débẹ̀?"
Mo ní ó ku ogún ìṣẹ́jú.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.
Láti Bama dé Maiduguri, ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn ín,
ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́,
òru ni wọ́n ń rìn, ọ̀sán ni wọ́n ń lúgọ sábẹ́ igi ẹ̀gún.
Lọ́jọ́ kẹta, èyí tó wà lẹ́yìn kò sunkún mọ́.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ṣírò rẹ̀ nínú mi, ojú sì tì mí pé mo ṣírò:
bàálù yóò fo ọ̀nà yẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
kí èrò tó já ọ̀rá bísíkíìtì rẹ̀ tán.

Fóònù dún. Bánjọ ti balẹ̀.
Ó ní oòrùn ibẹ̀ ń bínú,
ó ní òun yóò wá ẹja gbígbẹ Baga bọ̀.
Falmata na ọwọ́, mo gbé fóònù fún un.
Kò kí i. Kò béèrè ẹja.
Ó ní kó gbé e sókè, kó má sọ̀rọ̀.
Bánjọ gbé e sókè.
Kẹ̀kẹ́ márúwá kan kọjá, ẹnìkan ń fi èdè Kanuri
bá ẹlòmíì jà lórí ṣéńjì.
Falmata jókòó sórí àpótí, ó di fóònù mọ́ etí,
ó ń gbọ́ ìjà náà títí káàdì fi tán.

Mo tẹ ẹ̀wà kan wò láàárín ìka méjì.
Mo bu omi sí i.