Ẹni Tó Ń Pín Omi

Ní abúlé wa, láàárín àwọn òkè Pérù,
yìnyín orí òkè ń yọ́, kò tó ti àtijọ́ mọ́.
Omi ò kárí. Ẹnìkan ní láti pín in.

Ọdún mẹ́ta ni Satunínò fi di ṣọ́bìrì náà mú.
Kò ga. Bó bá ń sọ̀rọ̀ nípàdé,
àwọn tó wà lẹ́yìn a ní, "Kí ló wí?"
Èmi gan-an kò dìbò fún un;
ẹni tí ohùn rẹ̀ ń sán bí àrá ni mo fẹ́.

Lóru ọjọ́ kan, òtútù ń ta ni bí abẹ́rẹ́,
mo bá a létí ojú omi, ó ń kó ẹrẹ̀,
ó ń darí omi sóko Felisítà, opó
tó ti bú u lójúde ṣọ́ọ̀ṣì.
Àgbàdo tirẹ̀ ti pọ́n láìgbó.
Ìyàwó rẹ̀ ti yan odì.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní ń dá ru igbá rẹ̀.
Eléyìí, kò tilẹ̀ tíì jẹ.

Ó ṣi omi pín lẹ́ẹ̀kan.
Kò dá ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ́bi, kò dá ọmọ tó rán níṣẹ́ lẹ́bi.
Ó ṣí fìlà: "Èmi ni mo ṣì í."
Ó jókòó.

Lọ́dún yìí, wọ́n gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́.
Igi rẹ̀ ti jẹ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dì mú;
ọwọ́ tèmi kò bá a mu.
Oko mi ló súnmọ́ orísun jù.
Mo dúró nínú òkùnkùn,
mò ń gbọ́ omi bó ti ń kọjá rẹ̀ lọ.