Àpáàdì Mẹ́tàdínlógún

Ní kíláàsì wa ní Ògìdì, lábẹ́ òkè olókùúta,
ìwé kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
Èèpo rẹ̀ ti bọ́, ikán ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀,
nítorí náà a kò mọ ibi tí ayé ti ṣẹ̀;
ojú ewé kẹsàn-án la ti bá a.

Tísà Òtítójù nìkan ló ń kọ́ wa ní gbogbo rẹ̀.
Ó nu ẹ̀kọ́ àwùjọ kúrò, ó kọ àṣà sí i,
eruku ṣọ́ọ̀kì kò tíì balẹ̀.
Lọ́jọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó,
ó ní kí Mojírádé wá tẹ lẹ́tà M.
Mojírádé tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ funfun.
A pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé iná ti dé.

Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Kàbà,
ó ṣí ojú ewé tó ní àwọn òpó funfun.
"Ilẹ̀ Gíríìkì láyé àtijọ́," ó ní.
"Wọ́n ń jókòó lórí òkúta bíi tiyín,
ewúrẹ́ wọn ń jẹ̀ lórí òkè bíi tiyín,
wọn ò níṣu. Ẹ bá wọn kẹ́dùn."

Ó ní bí ẹnì kan bá fẹ́ ga ju ìlú lọ ní Átẹ́ǹsì,
wọn kì í nà án, wọn kì í wólé rẹ̀;
oníkálukú á mú àpáàdì,
á ha orúkọ rẹ̀ sí i.
Bí àpáàdì bá pọ̀ tó, ó di ọdún mẹ́wàá
kí olúwarẹ̀ tó tún fẹsẹ̀ tẹ ìlú.

"Àwọn obìnrin ńkọ́?"
"Wọn ò fún wọn ní àpáàdì."
Ó fi àwòrán hàn mí: obìnrin kan níwájú òfì olóòró,
òwú ń rọ̀ láti òkè wálẹ̀,
àfi bí òfì Yèyé mi tó fara ti ògiri.
Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Mo fẹ́ kó yíjú.

Lẹ́yìn ilé ìdáná ni ìkòkò ti máa ń fọ́.
Ìbítóyè ni mọ́nítọ̀;
ó ń kọ orúkọ aláriwo, ó ń fo ti àbúrò rẹ̀.
A ka àpáàdì: mẹ́tàdínlógún.
Tèmi wà níbẹ̀. Ìṣó ni mo fi ha á,
mo tilẹ̀ fàmì sórí rẹ̀,
Tísà kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò lámì.
Ìbítóyè rẹ́rìn-ín. "Mo ti lọ," ó fo fèrèsé.

Ó lọ.
Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, bàbá rẹ̀ tó ń wakọ̀ iyanrìn
kò padà láti Lọ́kọ́ja,
ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì wá kó wọn lọ sí Jọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtù.
Tísà pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà.
Kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì rẹ̀.

Mo sọ fún Yèyé. Ó fi apásà lu òwú lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
"Àpáàdì ló tó koná lójú," ó ní.
"Nígbà tiwa, òun la fi ń bu iná nílé aládùúgbò.
Ohun tí wọ́n fi ń bu iná wálé
lẹ fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ?"
Ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́. Orúkọ náà kò lọ.

Ọdún mẹ́wàá pé lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá.
Kọ̀ǹpútà tòótọ́ ti dé ilé ẹ̀kọ́ wa,
mo tẹ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, kò gba àmì,
Ìbítóyè rẹpẹtẹ ló yọ, kò sí ìwọ níbẹ̀.

Ọ̀kun o, níbi yòówù kí o wà.
Ọjọ́ ti pé, máa bọ̀.
Àmọ́ àbúrò rẹ ló ń pariwo jù.