Orúkọ Mi Kò Sí Nínú Ìwé Wọn

Jíà ọkọ̀ mi kú sí òpópónà Ellice
ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, oṣù kejì ọdún,
òtútù Winnipeg ń ta mí létí bí agbọ́n.
Ibi tí mo ti ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń bọ̀.
Mẹkáníìkì yọrí lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́, ó dárúkọ iye:
ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ó lé irinwó.
Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò dínkù.

Ní báńkì tí owó oṣù mi ń gbà kọjá láti ọjọ́ tí mo dé,
ọmọ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì dá a lójú
tẹ kọ̀ǹpútà, ó wojú mi bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.
"Màdáàmù, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.
Àṣé ẹ̀sùn ni.

Kí ni kí n wá wí fún bàbá mi,
Láníhun aránṣọ ní Ìkìrun, tí kì í ra iyọ̀ láwìn,
ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà ṣe ìwọ̀fà
nítorí owó ìsìnkú kan ṣoṣo?
"Mọrẹ́nikéjì, ẹni tó jẹ gbèsè ti fi ọrùn ara rẹ̀ dógò."
Mo gbọ́. Mo gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú.
Òun náà ló wá ń lé mi lẹ́nu ọ̀nà báńkì.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí iná orí rẹ̀ rí bíi pupa ẹyin.
Wọn kò bi mí léèrè ẹni tí mo jẹ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.
Dọ́là mẹ́rìnlá lórí ọgọ́rùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì péré.
Mo jókòó ní ibùdókọ̀, mo dojú rìsíìtì mílíìkì dé, mo ṣírò:
bí mo bá ń sún un síwájú títí ọdún yóò fi yípo,
ọgọ́rùn-ún kan yóò ti jẹ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta,
òun fúnra rẹ̀ á ṣì jókòó síbẹ̀, kò ní yó.
Sọ̀gúndogójì! Mo mọ̀ ọ́ látinú ìtàn ilé wa.
Ta ló ra táì fún ọ?

Ẹnìkan pè mí lórí fóònù, ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i,
kí n ṣáà fi igba dọ́là ránṣẹ́ ná, owó fọ́ọ̀mù.
Ẹ gbọ́, ẹni tó fẹ́ yá mi lówó ló tún ń tọrọ lọ́wọ́ mi!

Ojúlé kan ní Selkirk, láàárín ilé búrẹ́dì àti alágbàfọ̀,
ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni. Marites, ọmọ Filipíìnì,
gbé dígí rẹ̀ sórí irun, kò wo kọ̀ǹpútà.
Ó ní, "Rìsíìtì owó ilé dà?"
Oṣù mọ́kàndínlógún. Mo kó o kalẹ̀ látinú ọ̀rá ìrẹsì.
Ó kà wọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé.
"O ti ń san gbèsè láti ọjọ́ tó o dé.
A kàn ò rí ẹni kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yá mi: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ.
Èlé méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, fún odindi ọdún.
Kò pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ó lópin, mo sì rí òpin náà lórí ìwé.
Ibi tí lẹ́tà ti wẹ́ jù, ó ní kí n kà á sókè.
Mẹkáníìkì gba ìyókù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ń kùn.

Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà:
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì.
Lánàá mo san ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Marites yí kọ̀ǹpútà sí mi:
orúkọ mi rèé, nọ́ńbà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
bí eyín àkọ́hù ọmọ.
Bàbá, mo jẹ gbèsè.
Ẹ má bínú. Ọkọ̀ ti ń rìn, hítà rẹ̀ nìkan ló ń rùn.